Kíka Ẹ̀yìn Páálí Oúnjẹ: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Iwájú páálí ni iléeṣẹ́ ti ń polówó ọjà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni òfin ti fi dandan lé e pé kí wọ́n sọ ohun tó wà nínú oúnjẹ náà, ṣùgbọ́n lẹ́tà ibẹ̀ máa ń kéré débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í yẹ̀ ẹ́ wò rárá. Ó máa ń dùn mí, torí pé ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, àti òbí tó ń ra ìpápánu fún ọmọ, ibẹ̀ gan-an ni ohun tí wọ́n ń wá wà. Kò le tó bó ṣe rí lójú. Ìṣirò díẹ̀ ni, àti mímọ ibi tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò.

Kí ni wọ́n ń pè ní nutrition label, ibo ló sì máa ń wà?

Àpótí kékeré kan tí wọ́n fi ìlà pín ni. Ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ páálí, agolo, ike tàbí láílọ́ọ̀nù tí wọ́n di oúnjẹ sí ló máa ń wà. Lókè rẹ̀ ni ẹ ó ti rí Nutrition Facts tàbí Nutrition Information. Ó ń sọ iye agbára tí oúnjẹ náà ń fún ara, àti bí ọ̀rá, ṣúgà, iyọ̀ àti èròjà amáradàgbà inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Nítòsí rẹ̀ ni wọ́n máa ń to orúkọ àwọn ohun tí wọ́n fi ṣe oúnjẹ náà sí, lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà Ingredients. Méjèèjì ni kí ẹ máa kà pọ̀, torí ohun tí ọ̀kan kò bá sọ, èkejì lè sọ ọ́.

Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1990 ni wọ́n ṣe òfin tó sọ àpótí yìí di dandan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára ọjà káàkiri ní 1994. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, Oṣù Kejìlá ọdún 2016 ló di dandan fún ọ̀pọ̀ jù lọ oúnjẹ inú páálí. Bí ojú àpótí náà bá yàtọ̀ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ.

Kí ni kí n kọ́kọ́ wò?

Serving size, ìyẹn ìwọ̀n tí iléeṣẹ́ kà sí jíjẹ ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ wò ó kí ẹ tó wo kálórì, kí ẹ tó wo ṣúgà, kí ẹ tó wo ohunkóhun. Níbi tí wọ́n bá ti ṣírò ọjà náà ní serving, gbogbo nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ti ìwọ̀n yẹn nìkan ni, kì í ṣe ti odidi páálí.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ mú páálí bisikíìtì kan. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé serving size jẹ́ 30 gíráàmù, kálórì 140, ṣúgà 9 gíráàmù. Kò pọ̀, àbí? Ṣùgbọ́n ìlà kan wà níbẹ̀ tó sọ pé serving mẹ́rin ló wà nínú páálí náà. Bí ọmọ bá jókòó ti páálí yẹn tó jẹ ẹ́ tán, kálórì 560 àti ṣúgà gíráàmù 36 ló jẹ. Nǹkan bí gíráàmù 4 ni ṣíbí ìmutíì kan ṣúgà, nítorí náà ṣíbí mẹ́sàn-án ni ọmọ náà jẹ níjòókòó ẹ̀ẹ̀kan. Iléeṣẹ́ kò parọ́ o. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Àwa la ò ka ìlà kejì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń ṣì mú ni pé wọ́n rò pé serving size ni ìwọ̀n tí dókítà fọwọ́ sí. Rárá o. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ìwọ̀n tí àwọn èèyàn sábà máa ń jẹ ni wọ́n fi ń gbé e kalẹ̀, kì í ṣe ìwọ̀n tó yẹ kí wọ́n jẹ.

Bí serving size ọjà méjì ò bá dọ́gba, báwo ni mo ṣe máa fi wọ́n wéra?

Ẹ gbé méjèèjì wá sórí gíráàmù 100. Ní Yúróòpù, dandan ni kí wọ́n kọ iye tó wà nínú gíráàmù 100, tàbí mílílítà 100 fún ohun mímu, nítorí náà ìṣirò ti parí kí ẹ tó débẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ fi ìwọ̀n serving pín iye ṣúgà, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Fóònù yín á ṣe é.

Àpẹẹrẹ rè é. Ọjà àkọ́kọ́ ní ṣúgà gíráàmù 8 nínú serving 40 gíráàmù. Ọjà kejì ní gíráàmù 6 nínú serving 25. Lójú, ọjà kejì ni ṣúgà rẹ̀ kéré. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: àkọ́kọ́ jẹ́ 20 nínú 100, èkejì jẹ́ 24. Èyí tó dà bí ẹni pé ó kéré ló pọ̀ jù.

Kálórì, kcal, kJ, èwo ni èwo?

Kálórì tí à ń sọ lẹ́nu, òun náà ni kcal. kJ jẹ́ òṣùwọ̀n mìíràn fún agbára kan náà: kcal kan jẹ́ nǹkan bíi kJ 4.2. Ẹ má ṣe jẹ́ kí nọ́ńbà ńlá tó wà níwájú kJ dẹ́rù bà yín.

Ibi tí kálórì ti ń wá ló ṣe pàtàkì jù. Gíráàmù kan ọ̀rá ń mú kálórì 9 wá. Gíráàmù kan èròjà amáradàgbà tàbí èròjà afáralókun, ìyẹn carbohydrate, ń mú 4 wá. Ti alcohol, ìyẹn èròjà tó ń pani nínú ọtí, jẹ́ 7. Ìdí nìyẹn tí ohun díndín kékeré fi lè ní kálórì ju àwo èso ńlá lọ.

Iye 2,000 tí ẹ máa ń rí nísàlẹ̀ àpótí jẹ́ òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ṣírò lásán. Ọmọ kékeré kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ lè nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo rí 30% lẹ́gbẹ̀ẹ́ sodium. Ṣé ìdá 30 oúnjẹ yẹn ni iyọ̀ ni?

Rárá. Àṣìlóye yìí wọ́pọ̀ gan-an. Ohun tó ń sọ ni pé serving kan oúnjẹ náà ti kó ìdá 30 nínú 100 ìwọ̀n sodium, ìyẹn èròjà kan tó wà nínú iyọ̀, tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan. Ní Amẹ́ríkà, ìwọ̀n ọjọ́ kan fún sodium jẹ́ mílígíráàmù 2,300, nítorí náà 30% túmọ̀ sí 690. Bí ẹ bá jẹ serving méjì, ẹ ti jẹ 60% ti ọjọ́ yẹn, àárọ̀ ṣì lè jẹ́ o.

Ọ̀nà kan wà tí kò gba ìṣirò: 5% tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ó kéré. 20% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó pọ̀. Kí ẹ máa wá nọ́ńbà kékeré fún sodium, saturated fat (ọ̀rá tó sábà máa ń dì, bíi ti ẹran àti bọ́tà) àti added sugars (ṣúgà tí wọ́n fi kún un). Fún fibre (apá ọkà, èso àti ẹ̀fọ́ tí ikùn kì í lè dà), calcium (tó ń mú eegun le) àti iron (tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tó lára), nọ́ńbà ńlá lẹ ń wá.

Kí ló ya Total Sugars sọ́tọ̀ sí Added Sugars?

Total Sugars ni gbogbo ṣúgà tó wà nínú oúnjẹ náà, títí kan èyí tí Ọlọ́run dá mọ́ ọn, bí irú èyí tó wà nínú wàrà àti èso. Added Sugars ni èyí tí wọ́n dà sí i níléeṣẹ́. Wàrà lásán lè ní Total Sugars tó pọ̀ díẹ̀ kí Added Sugars rẹ̀ sì jẹ́ òdo, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ìlà Added Sugars ni kí ẹ tẹjú mọ́. Ní Amẹ́ríkà, ìlà yìí wà lára àyípadà tí wọ́n kéde ní 2016. Àpótí ti Yúróòpù kò ní in, gbogbo ṣúgà ni wọ́n kó pọ̀ síbẹ̀, nítorí náà ẹ ó ní láti ka Ingredients.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé kí ṣúgà tí wọ́n fi kún oúnjẹ, pẹ̀lú èyí tó wà nínú oyin àti omi èso, má tó ìdá 10 nínú 100 agbára tí èèyàn ń rí nínú oúnjẹ òòjọ́. Bó bá lè má tó ìdá 5, á tún dára sí i. Fún ẹni tó ń jẹ kálórì 2,000, ìdá 10 jẹ́ gíráàmù 50, ìdá 5 sì jẹ́ 25. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan ṣoṣo lè gba gbogbo 25 yẹn tán kó tún lé.

Ẹ ṣàkíyèsí omi èso o. Omi èso tí kò ní àdàlù lè kọ òdo síwájú Added Sugars, torí pé inú èso ni ṣúgà rẹ̀ ti wá. WHO ṣì kà á mọ́ ṣúgà tó yẹ ká dín kù, nítorí pé wọ́n ti fún un jáde kúrò nínú èso náà. Kí ọmọ jẹ odidi èso sàn jù.

Mi ò rí ọ̀rọ̀ náà sugar nínú Ingredients. Ṣé kò sí ṣúgà nínú rẹ̀ nìyẹn?

Ṣúgà ní orúkọ púpọ̀. Glucose, fructose, sucrose, maltose, dextrose: ọ̀rọ̀ tó bá parí sí -ose, ẹ fura sí i. Corn syrup, glucose syrup, honey, molasses, fruit juice concentrate, ṣúgà náà ni gbogbo wọn. Bí iléeṣẹ́ bá lo mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan á kéré, á sì bọ́ sí ìsàlẹ̀ àkójọ, nígbà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá kó wọn jọ, àwọn ni ì bá wà níwájú. Ẹ máa kà á dópin.

Báwo ni wọ́n ṣe ń to Ingredients?

Èyí tó wúwo jù ló ń ṣáájú, èyí tó fúyẹ́ jù ló ń kẹ́yìn. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ló máa ń jẹ́ púpọ̀ nínú ohun tí ẹ fẹ́ jẹ. Bí wọ́n bá ya èso rẹpẹtẹ síwájú ike ohun mímu, tí Ingredients rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú omi àti ṣúgà, tí èso fi di ìkarùn-ún, ẹ ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ sanwó fún. Ní Yúróòpù, bí wọ́n bá ti fi àwòrán tàbí orúkọ ohun kan gbé ọjà náà lárugẹ, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdá tí ohun náà jẹ́ nínú rẹ̀. Ibi tó dáa láti wò nìyẹn.

Fún búrẹ́dì, ẹ wo ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Whole wheat flour jẹ́ ìyẹ̀fun tí wọn kò yọ èèpo rẹ̀. Wheat flour lásán tàbí enriched flour jẹ́ ìyẹ̀fun funfun, kódà bí àwọ̀ búrẹ́dì náà bá pọ́n. Multigrain sì túmọ̀ sí pé irú ọkà tó wà nínú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, kò sọ pé èèpo ṣì wà lára wọn.

Èwo ni kí n wò fún iyọ̀: salt ni àbí sodium?

Èyí tí wọ́n bá kọ ni ẹ ó wò, ṣùgbọ́n ẹ má kà wọ́n sí ọ̀kan. Sodium jẹ́ apá kan lára iyọ̀. Kí ẹ tó mọ iye iyọ̀, ẹ fi 2.5 sọ iye sodium di púpọ̀. Sodium mílígíráàmù 800 jẹ́ iyọ̀ mílígíráàmù 2,000, ìyẹn gíráàmù 2. Bí ọjà kan bá kọ sodium 0.8 gíráàmù, tí èkejì kọ salt 1.5 gíráàmù, ti àkọ́kọ́ ló níyọ̀ jù.

WHO fẹ́ kí àgbàlagbà jẹ iyọ̀ tí kò tó gíráàmù 5 lóòjọ́, nǹkan bí ṣíbí ìmutíì kan tí kò kún gogoro. Sodium rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 2,000. Èyí kan iyọ̀ tí ẹ bù sọ́bẹ̀, ó sì kan èyí tí ẹ ò rí, tó ti wà nínú ohun tí ẹ rà.

Ibi tó ti ń mú èèyàn ni pé ahọ́n kì í sọ òótọ́ nípa iyọ̀ ní gbogbo ìgbà. Búrẹ́dì kì í fi bẹ́ẹ̀ níyọ̀ lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni bisikíìtì dídùn, ṣùgbọ́n sodium wà nínú wọn, a sì ń jẹ wọ́n léraléra. Ohun ìsebẹ̀ onígun, núdù àti ẹran inú agolo, àwọn yẹn máa ń ga gan-an. Bí èròjà núdù bá wà nínú láílọ́ọ̀nù kékeré lọ́tọ̀, inú ẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú iyọ̀ náà sábà máa ń wà, ẹ lè lo ààbọ̀ rẹ̀. Nínú Ingredients, monosodium glutamate, sodium bicarbonate àti sodium benzoate náà ń dá kún sodium.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, bó bá jẹ́ ìlà kan ṣoṣo ló máa ráyè kà, ìlà yìí ni kó kà.

Ọ̀rá ńkọ́? Ṣé gbogbo rẹ̀ ló burú?

Rárá. Ara nílò ọ̀rá. Méjì ni kí ẹ ṣọ́: saturated fat àti trans fat, ìyẹn ọ̀rá tó sábà máa ń wá láti inú òróró tí iléeṣẹ́ sọ di dídì. WHO gbani nímọ̀ràn pé kí saturated fat má ju ìdá 10 nínú 100 agbára òòjọ́ lọ, kí trans fat má sì ju ìdá 1 lọ. Trans fat ló burú jù nínú wọn, torí pé ó ń gbé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù burúkú ga, ó sì ń fa ti rere wálẹ̀. Dẹ́nmáàkì fi òfin dín in kù nínú oúnjẹ ní 2003, ó ṣáájú gbogbo ayé.

Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, bí trans fat inú serving kan kò bá tó ìdajì gíráàmù, iléeṣẹ́ lè kọ 0 g. Ẹ wá rò ó bí ẹ bá jẹ serving mẹ́rin. Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà partially hydrogenated nínú Ingredients, ìyẹn òróró tí wọ́n ti sọ di dídì bẹ́ẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, trans fat wà níbẹ̀, ohun yòówù kí àpótí kọ. Ẹ dá a padà sórí pẹpẹ.

Ọ̀rọ̀ iwájú páálí bíi low fat, light, sugar free àti natural, ṣé ká gbà wọ́n gbọ́?

Àwọn kan ní òfin tó de wọ́n. Sugar free ní Amẹ́ríkà túmọ̀ sí pé ṣúgà inú serving kan kò tó ìdajì gíráàmù. Reduced túmọ̀ sí pé wọ́n ti fi ó kéré tán ìdá 25 nínú 100 dín in kù sí ti ọjà irú rẹ̀. Ní Yúróòpù ó jẹ́ ìdá 30, àyàfi fún iyọ̀ tó jẹ́ 25. Ṣùgbọ́n bí ti tẹ́lẹ̀ bá pọ̀ rẹpẹtẹ, èyí tí wọ́n dín kù náà lè ṣì pọ̀.

Low fat ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rá nìkan. Bí ọ̀rá bá jáde, adùn á dín, ṣúgà ni wọ́n sì sábà máa fi dí i. Cholesterol free lára òróró tí wọ́n fi irúgbìn ṣe kò sọ nǹkan tuntun kankan, nítorí inú ohun ẹlẹ́ran ara ni kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ti ń wá. Natural ni mo gbẹ́kẹ̀ lé kéré jù. Ṣúgà náà jẹ́ natural.

Ohun aládùn tí kì í ṣe ṣúgà ńkọ́? Ní 2023, WHO gbani nímọ̀ràn pé kí àwọn èèyàn má ṣe gbára lé e láti fi dín ara kù.

Ara ọmọ mi kọ ẹ̀pà. Ibo ni kí n wò?

Ingredients lódindi, lẹ́yìn náà gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Contains, lẹ́yìn náà May contain. Ní Yúróòpù, ohun 14 ni òfin ní kí wọ́n kọ kó hàn ketekete yàtọ̀ sí ìyókù, lẹ́tà dúdú kirikiri ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ọ́. Ní Amẹ́ríkà, mẹ́sàn-án ni: wàrà, ẹyin, ẹja, edé àti irú rẹ̀, ẹ̀pà, èso eléèpo líle bíi kaṣú àti álímọ́ńdì, àlìkámà, sóyà, àti sesame tí wọ́n fi kún un ní 2023.

May contain túmọ̀ sí pé wọn kò mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i, ṣùgbọ́n ó lè ti ara ẹ̀rọ tàbí ibi iṣẹ́ kan náà wọ inú rẹ̀. Fún ọmọ tí ẹ̀pà lè dí èémí rẹ̀, ẹ má ṣe rà á. Kí ẹ sì tún máa kà á ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá rà, kódà bó bá jẹ́ ọjà tí ẹ ti ń rà láti ọdún pípẹ́, nítorí pé iléeṣẹ́ lè pa èròjà dà láì pariwo.

E300, E330, kí ni gbogbo ìyẹn?

Nọ́ńbà tí Yúróòpù fún àwọn èròjà tí wọ́n ti fọwọ́ sí ni. E300 jẹ́ fítámì C. E330 jẹ́ citric acid, irú èyí tó ń mú ọsàn wẹ́wẹ́ kan. Nọ́ńbà nìkan kò sọ ohun di májèlé.

Àwọ̀ pupa, yẹ́lò àti àwọ̀ ewé tó wà níwájú àwọn ọjà kan ńkọ́?

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń lò ó bẹ́ẹ̀. Nínú gíráàmù 100 oúnjẹ, pupa ń wá bí ọ̀rá bá ju 17.5 gíráàmù lọ, bí saturated fat bá ju 5 lọ, bí ṣúgà bá ju 22.5 lọ, tàbí bí iyọ̀ bá ju 1.5 lọ. Ẹ lè há nọ́ńbà mẹ́rin yìí sórí, kí ẹ sì lò ó fún ọjà tí kò ní àwọ̀ kankan. Ṣílè gba ọ̀nà míì láti 2016: àmì dúdú onígun mẹ́jọ tó ń kéde pé ṣúgà, sodium, saturated fat tàbí kálórì pọ̀ nínú rẹ̀. Mẹ́síkò tẹ̀ lé e ní 2020. Mo fẹ́ràn ti Ṣílè, torí pé ọmọ tí kò tíì mọ ìwé kà dáadáa náà lè ka iye àmì dúdú tó wà níbẹ̀.

Best before àti use by, ṣé ọ̀kan náà ni?

Rárá. Best before ń sọ ìgbà tí adùn oúnjẹ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó lè ṣì ṣeé jẹ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Use by jẹ́ ti ààbò, ara ẹran tútù àti irú wọn ló máa ń wà. Ọjọ́ yẹn bá kọjá, ẹ dà á nù, bí kò tilẹ̀ rùn.

Mo ní àtọ̀gbẹ. Ṣé ìlà ṣúgà nìkan ni kí n máa wò?

Ìlà Total Carbohydrate ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ìyẹ̀fun náà ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà bisikíìtì tí wọ́n kọ sugar free sí lára ṣì lè gbé e sókè. Serving size ló tún kàn, kí ẹ lè mọ iye carbohydrate tí ẹ jẹ gan-an. Lẹ́yìn ìyẹn fibre: bó bá ṣe pọ̀ tó, ó máa ń dín ìyárasókè ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù.

Kíndìnrín ló ń dà mí láàmú ní tèmi.

Dókítà lè ti ní kí ẹ dín sodium, potassium àti phosphorus kù. Sodium máa ń wà nínú àpótí. Potassium wà nínú àwọn kan. Phosphorus ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kì í kọ, nítorí náà inú Ingredients ni ẹ ti máa wá a: ọ̀rọ̀ èyíkéyìí tó bá ní phos nínú, bíi phosphoric acid tàbí sodium phosphate. Ẹ kíyè sí àwọn ọjà tí wọ́n dín iyọ̀ wọn kù pẹ̀lú, torí pé potassium chloride ni wọ́n fi ń dípò iyọ̀ nínú àwọn kan, ó sì lè ṣe ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa ní jàǹbá. Ẹ fi fóònù ya ẹ̀yìn páálí àwọn ohun tí ẹ ń jẹ jù, kí ẹ fi han dókítà tàbí onímọ̀ oúnjẹ tó ń tọ́jú yín nígbà tí ẹ bá tún lọ.